Iná Tó Ti Kú Tipẹ́ Ni Mo Gbé Sójú Ìwé

Lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mẹ́wàá ti lù, ìròyìn wọlé pé àwọn ọ̀dọ́ kan jà ní ìlú kan, wọ́n sì fọ́ gíláàsì mọ́tò mẹ́ta. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, torí orúkọ rẹ̀ ti jìyà tó. Iṣẹ́ mi nígbà yẹn ni kí n máa yan fọ́tò tí yóò bá ìròyìn lọ nínú ìwé ìròyìn kan. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí ìwé wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, akọ̀ròyìn tó wà lọ́hùn-ún kò sì rí fọ́tò kankan fi ránṣẹ́. Mo bọ́ sí ibi tí a ń kó fọ́tò àtijọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ orúkọ ìlú yẹn, iná sì kún ojú kọ̀ǹpútà mi: táyà tó ń jó, èéfín dúdú, àwọn ọmọkùnrin tó fi aṣọ bojú. Mo mú èyí tó wù mí jù. Mo kọ "Wàhálà tún bẹ́ sílẹ̀" sábẹ́ rẹ̀, mo sì lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá àgbàlagbà kan pe ọ́fíìsì wa, ó ní ẹni tó yan fọ́tò ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kò pariwo rárá.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo fi fọ́tò yẹn síbẹ̀?"

"Èmi ni, Mà."

"Ilé aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn iná yẹn, tí fèrèsé rẹ̀ kan ti já sọnù, ilé wa ni. A ti kùn ún ní funfun láti ọdún mẹ́ta. Obìnrin tó gbé báàgì mọ́ àyà tó ń sá lọ lápá ọ̀tún, àbúrò mi ni. Ó ti kú. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí iná yẹn ti jó."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó wá sọ fún mi pé ọmọ òun obìnrin ń wá ilé tí yóò háyà ní ìlú mìíràn, pé bó bá ti lè sọ ibi tó ti wá báyìí, wọ́n á ní yàrá ti tán.

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ra ìwé yín láàárọ̀ yìí ò gbọ́ ẹ má bínú tìẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi títí dòní. Òun ló sọ mí di ẹni tó ń ṣa ìtàn ìlú jọ, ìlú tó lórúkọ burúkú: ta ló fún un, ta ló gbé e pọ̀n, báwo ló ṣe bọ́ lọ́rùn rẹ̀, bó bá bọ́.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ fọ́tò yóò mọ ìdí tí ti Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, fi ń gún mi lọ́kàn ju gbogbo wọn lọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1969, odò Cuyahoga tó gba inú ìlú náà kọjá gbiná. Ẹ kà á dáadáa: odò ló gbiná. Epo àti pàǹtírí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń dà sínú rẹ̀ ló bo ojú omi, iná ta sí i lábẹ́ afárá rélùweè. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fi pa á. Ohun tó bàjẹ́ kò ju nǹkan bí 50,000 dọ́là lọ. Ìwé ìròyìn ìlú náà gan-an kò kà á sí nǹkan bàbàrà, nítorí odò yẹn ti ń gbiná lóòrèkóòrè láti ọdún 1868. Kí àwọn oníròyìn tó dé, iná ti kú. Kò sí fọ́tò kankan tí a mọ̀ pé ó mú iná yẹn níbi tó ti ń jó.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ẹni tó gbọ́ ìtàn náà rí, yóò ṣàpèjúwe fọ́tò kan fún yín: ọkọ̀ ojú omi tí ahọ́n iná yí ká, èéfín tó dúdú bí ọ̀dà, àwọn panápaná tó ń da omi sí i. Fọ́tò yẹn wà lóòótọ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 1952 ni wọ́n yà á, níbi iná mìíràn tó burú ju ti 1969 lọ fíìfíì, tó ba dúkìá tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là jẹ́. Ìwé ìròyìn Time gbé ọ̀rọ̀ odò náà jáde ní oṣù Kẹjọ 1969, gbogbo Amẹ́ríkà gbọ́, iná 1952 sì di iná 1969 lójú ayé. Ẹnì kan jókòó síbì kan, ó nílò fọ́tò, ó mú èyí tó wà nílẹ̀. Mo mọ bí ọwọ́ ẹni yẹn ti rí lórí tábìlì.

Ohun tó tún dùn mí níbẹ̀ ni pé oṣù méje ṣáájú iná yẹn, ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn ará Cleveland ti dìbò pé kí ìlú wọn yá 100 mílíọ̀nù dọ́là láti fi tún omi wọn ṣe. Wọn ò dúró de ẹ̀gàn kí wọ́n tó ṣí àpò. Carl Stokes, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó di olórí ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà, ló wà lórí oyè. Ní ọjọ́ kejì iná, ó kó àwọn oníròyìn lọ sí etí odò, ó ń fi ibi tí ẹ̀gbin ti ń wọnú omi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bò ó, kò sì ní ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́ ìlú òun. Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń bójú tó àyíká sílẹ̀ ní 1970, òfin tó de àwọn tó ń ba omi jẹ́ jáde ní 1972, ìtàn odò yẹn sì wà lára ohun tó tì wọ́n síbẹ̀. Ìgbà tó di ọdún 2019 ni ìjọba Ohio kéde pé ẹja inú Cuyahoga ti ṣe é jẹ. Àádọ́ta ọdún géérégé. Iná tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí láàárín ẹni méjì. Ní ti ìlú, mi ò tíì rí i kó rí bẹ́ẹ̀.

Àrùn náà máa ń gba orúkọ ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1967, àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí kan ní Marburg, ní Jámánì, ṣàìsàn látàrí ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Uganda. Àìsàn kan náà mú àwọn èèyàn ní Frankfurt àti ní Belgrade, ṣùgbọ́n Marburg ni wọ́n fi sọ kòkòrò tó fa àìsàn náà lórúkọ. Ìlú tó ní yunifásítì láti ọdún 1527! Lónìí, bí mo bá tẹ orúkọ rẹ̀ sínú àpótí fọ́tò wa, ènìyàn tó wọ aṣọ ìdáàbòbò láti orí dé ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ. Ní 1969, ó kan Lassa, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọdún méje lẹ́yìn náà, àrùn tuntun bẹ́ sílẹ̀ ní Yambuku, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Zaire nígbà náà. Àwọn onímọ̀ tó lọ síbẹ̀ jókòó, wọ́n ń ronú orúkọ tí wọn yóò pè é. Orúkọ Yambuku ló yá jù lọ láti mú. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n rántí ohun tí orúkọ àrùn ti ṣe fún Lassa, wọ́n bá wo máàpù, wọ́n rí odò kan, wọ́n sì fi sọ àrùn náà: Ebola. Bí mo bá ń ronú nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi, àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí. Ó ti rẹ̀ wọ́n, ikú wà níwájú wọn, síbẹ̀ wọ́n ráyè ro ti abúlé kan tí ọmọ rẹ̀ yóò máa dárúkọ ibi tó ti wá fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó wá fi í lélẹ̀ pé kí a yé fi orúkọ ibùgbé ènìyàn sọ àrùn tuntun.

Ẹ má rò pé àjèjì nìkan ló ń ba ìlú lórúkọ jẹ́ o. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1975, gbèsè ti fẹ́ rì New York mọ́lẹ̀, ìjọba ìlú sì fẹ́ dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá àti ti panápaná tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú. Agbárí òkú ló wà lójú ìwé náà, àkọlé rẹ̀ sì ni pé ẹ káàbọ̀ sí ìlú ẹ̀rù. Ó kìlọ̀ pé kí àlejò má jáde lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó má fẹsẹ̀ rìn, kó má wọ rélùweè abẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó búra láti dáàbò bo ìlú ló kọ ọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wọn ló fẹ́ bọ́, ebi kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni wọ́n ń jà fún, orúkọ gbogbo èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n sì fi jà á. Nígbà tí àwọn olórí ìlú àti àwọn ẹgbẹ́ yẹn parí ìjà wọn, ẹ̀rù kò parí lọ́kàn àlejò.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Milton Glaser ya àmì "I ♥ NY" tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, èyí tó fi ọkàn pupa dípò ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kò gba kọ́bọ̀. Àmì náà dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá tó jáde, ní 1990, ènìyàn 2,245 ni wọ́n pa ní ìlú yẹn láàárín ọdún kan. Ohun tí èmi gbà gbọ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ padà ni nǹkan tí kò dùn ún sọ lórí bébà ìpolówó. Láti 1984, àwọn alákòóso rélùweè pinnu pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ti fọ̀ mọ́ kò ní fi ìkọkúkọ tí àwọn èèyàn ń kùn sí i lára jáde mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ nǹkan sí i lára lóru, inú ọgbà ni yóò wà títí wọn yóò fi nù ún, bí èrò tilẹ̀ ń dúró. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi nu ún. Ní oṣù Karùn-ún 1989, wọ́n mú ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ìkọkúkọ bò kúrò lójú irin. Ìpànìyàn kò tíì dínkù nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ń rí i pé ẹnì kan ń tọ́jú ibẹ̀. Nígbà tó di 2017, àwọn tí wọ́n pa lọ́dún kan jẹ́ 292.

Ní ti orúkọ tí kì í lọ, mo ní ìbéèrè kan tí mo máa ń bi ara mi: ta ló ń jẹ lórí rẹ̀? Ẹni tó ń wá ìbò máa ń fẹ́ kí ìlú kan burú. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ ẹ. Àwa oníròyìn náà ń jẹ níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìjọba gan-an ni yóò fi yíǹkì kọ ọ́. Ní àwọn ọdún 1930, àjọ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó ilé ya máàpù ìlú tó lé ní 200, wọ́n sì pín àdúgbò sí àwọ̀ mẹ́rin: àwọ̀ ewé fún èyí tó dára jù, búlúù, yẹ́lò, lẹ́yìn náà pupa fún èyí tí wọ́n ní ó léwu. Ibi tí àwọn ènìyàn dúdú ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pupa níbi gbogbo. Lábẹ́ irú èrò bẹ́ẹ̀, owó báǹkì kì í dé ibẹ̀. Òrùlé jò, kò sí owó tí wọn yóò yá fi tún un ṣe. Ẹni tó lówó kó lọ. Fèrèsé fọ́, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹni tó ń kọjá yóò wo àdúgbò náà, yóò ní "Àbí ẹ ò rí i, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ló rí." Òfin fòpin sí i ní 1968, ilé tó ti wó kò sì torí òfin dìde.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ìlú kan hàn án tó jà padà, Medellín ní Kòlóńbíà ni mo máa ń mú. Ní 1991, ó lé ní 6,000 ènìyàn tí wọ́n pa níbẹ̀. Pablo Escobar àti àwọn oníṣòwò kokéènì ti sọ orúkọ ìlú náà di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Wọ́n pa á ní oṣù Kejìlá 1993, ṣùgbọ́n ìpànìyàn kò bá a wọ sàréè. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni òkè. Àwọn òtòṣì ibẹ̀ wà lórí òkè tó ga, ilé lé orí ilé, iṣẹ́ sì wà nísàlẹ̀. Ọmọ ibẹ̀ tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ yóò sọ̀ kalẹ̀ láàárín ilé, yóò gba àtẹ̀gùn tí àwọn oníbọn dúró lé, yóò tún gùn ún padà lálẹ́. Ní 2004, ìlú na wáyà láti ibùdókọ̀ rélùweè lọ sí Santo Domingo lókè, ọkọ̀ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀, ó ń gbé èrò kọjá lórí òrùlé ilé wọn. Kì í ṣe fún arìnrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n ṣe é. Fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ni. Sergio Fajardo, olùkọ́ ìṣirò tó di olórí ìlú lọ́dún yẹn, ń sọ pé ilé tó rẹwà jù ni kí wọ́n kọ́ sí àdúgbò tó tálákà jù. Ní 2011, wọ́n gbé àtẹ̀gùn oníná sí ara òkè ní Comuna 13, àdúgbò tí àwọn ológun ti ya bò ní 2002. Arúgbó tó ti ń mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn láti kékeré wá dúró, àtẹ̀gùn sì ń gbé e lọ.

Àwọn tó fẹ́ràn orúkọ burúkú kò tíì lọ. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo sàréè Escobar, wọ́n ń ra ẹ̀wù tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2019, ìlú fi ohun abúgbàù wó ilé alájà tí ọkùnrin náà gbé rí, wọ́n sì ṣe ọgbà síbẹ̀ láti fi rántí àwọn tí ogun kokéènì pa, tí iye wọn lé ní 46,000. Àwọn kan ní kò yẹ kí wọ́n wó o, pé ìtàn ni. Èmi fara mọ́ wíwó rẹ̀. Ẹni tó pa ènìyàn ti ní fọ́tò tó pọ̀ jù.

Ní Palermo, ní Ítálì, aṣọ orí ibùsùn ni mo máa ń rántí. Ní 1992, àwọn Máfíà fi bọ́ǹbù pa adájọ́ Giovanni Falcone ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì pa ọ̀rẹ́ rẹ̀, Paolo Borsellino, ní oṣù Keje. Àwọn obìnrin ìlú náà mú aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i pé ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n sì fi kọ́ ojú fèrèsé níta. Ní ìlú tí kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun rí nǹkan, ilé tó kọ́ aṣọ ti jẹ́rìí, àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ẹni tó bá bà ní pápákọ̀ òfurufú Palermo lónìí, orúkọ àwọn ọkùnrin méjèèjì yẹn ni yóò kọ́kọ́ kà.

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Mo ti rí ìlú tí orúkọ rẹ̀ dára torí pé owó ilé gbówó lórí, tí àwọn tó ru orúkọ burúkú náà láti kékeré kò sì rí ibi gbé mọ́ nígbà tí rere dé. Mi ò mọ orúkọ tí à bá pè é, ṣùgbọ́n mi ò lè pè é ní ìṣẹ́gun.

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn tó ń yan fọ́tò, mo fi òfin kan lélẹ̀: ọdún tí a ya fọ́tò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì tóbi tó ọ̀rọ̀ tó kù. Mo tún ṣí ibi tí fọ́tò ìlú ìyá yẹn wà. Mo kà á. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta jẹ́ iná, ìbọn tàbí òkú. Nọ́ńbà ìyá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo bá pè é, mo ní mo fẹ́ rán ayàwòrán wa kan wá.

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀?" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

"Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, Mà. Ìdí tí mo fi fẹ́ rán an wá nìyẹn."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Jẹ́ kó wá lọ́jọ́ Sátidé, ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni oòrùn máa ń bọ́ síwájú ilé."